Bí Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ Ṣe Rán Mi Lọ sí Amẹ́ríkà

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ pé mò ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí títí di òní, àwọn tó kù láyé nínú àwọn ará àdúgbò wa ṣì gbà pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Irọ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni wọ́n ti bí i, ní òpópó tóóró kan tó já sí Jankara, ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé mi láti apá òsì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Nínú agbo ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni bàbá mi kú sí nígbà tí mi ò tíì gbọ́n. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Jankara, òun nìkan ló tọ́ mi. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún èèyàn láti fi rìn lọ síbi iṣẹ́ ni mo ń fi ta rọ́bà kiri. Nígbà tí ilé-ìwé ní kí n má sanwó mọ́ nítorí bọ́ọ̀lù, kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò wá wo eré mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Télọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ibi burúkú nínú rẹ̀, mi ò rí i, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Ará Ìjẹ̀ṣà ni, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó sì mọ ṣòkòtò rán débi pé àwọn akọ̀wé báńkì máa ń rìn wá láti Marina kó lè bá wọn rán èyí tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló fi ṣe aya. Ó gbé bẹ́ǹṣì méjì sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé rédíò sójú fèrèsé. Ẹnìkan á ra ìwé ìròyìn, gbogbo bẹ́ǹṣì á kà á. Bí wọ́n bá ti kírun làásárì tán títí ilẹ̀ á fi ṣú, àríyànjiyàn ni: ta ni yóò gba ta ni lọ́dún tó ń bọ̀?

Ẹni tí kò bá gbé Èkó nígbà náà lè má mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn ilé-ìwé girama ńláńlá máa ń jí agbábọ́ọ̀lù ara wọn gbé. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin níbí lónìí, bí ọdún bá yípo, ẹ ó bá a ní kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé mìíràn, irùngbọ̀n á ti kún àgbọ̀n rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé òun àti ọmọ rẹ̀ ni yóò jọ ṣe ìdánwò àṣejáde. Bó bá gbá góòlù wọlé, gbogbo pápá á pariwo pé, "Ẹ kú oríire o, Bàbá Ìkókó!"

Lẹ́yìn èyí ni Amẹ́ríkà wọ ọ̀rọ̀ náà. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé àwọn yunifásítì ibẹ̀ ń wá ọmọ Nàìjíríà tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, pé wọ́n á kọ́ ọ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ. Ọ̀kan tàbí méjì ti lọ ní tòótọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní, "Ṣé Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù? Tí wọ́n ń dé ìkòkò irin sórí, tí wọ́n ń kan ara wọn bí àgbò?" Télọ̀ á gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, á ṣàlàyé pé ti ọwọ́ lọ́tọ̀, ti ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, pé ti ẹsẹ̀ ni wọn ò mọ̀ tí wọ́n fi ń wá wa. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì tún padà sórí bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ náà, nítorí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kan a gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Oníkan, mo gbá góòlù méjì wọlé. Òyìnbó kan jókòó sí ìsàlẹ̀ àwọn àga, ó wọ awò dúdú, ó ń kọ nǹkan sórí bébà. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Ó lè jẹ́ tíṣà. Ó lè jẹ́ ẹni tí oòrùn pa tó ń wá ibi jókòó. Ṣùgbọ́n kí n tó délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti di kóòṣì láti Amẹ́ríkà, orúkọ mi ló sì ń kọ.

Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn dìde.

"Físà!" ni télọ̀ pariwo. "Físà, ẹni tó ń lọ!"

"Bọ̀dá, lọ síbo?"

"Ó ń bi mí pé lọ síbo! Ẹ wò ó, kò fẹ́ kí ayé gbọ́." Ó dì mọ́ mi, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ń já sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. "Má wulẹ̀ sọ ọ́. Ohun rere, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é."

"Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o máa sọ," ni akọ̀wé kan dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì, ó sì ṣẹ́jú sí mi.

Bí mo bá sẹ́, wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ ò rí i pé ó dákẹ́. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbé e gbà.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí ti parẹ́. Físà ni mò ń jẹ́ láti Ìdúmọ̀tà dé Èbúté Èrò. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lókè, tọmọdé tàgbà á nawọ́ sókè: "Físà, mọ́tò ẹ ti dé o! Sáré, kí wọ́n má fi ẹ́ sílẹ̀!" Bí wọ́n bá gbá mi ṣubú lórí pápá, àwọn èèyàn wa á kígbe mọ́ ẹni tó gbá mi pé, "Rọra! Ẹrù òkè òkun ni, bó bá fọ́, ìwọ lo máa san án!" Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀ òpópó wa á bu ènì fún mi, á ní, "Jẹ ẹ́ dáadáa, àwọn yẹn ò ní ẹ̀wà." Àwọn kan ń rán mi níṣẹ́. Ẹnìkan fẹ́ aago. Ẹnìkan fẹ́ bàtà onígìgísẹ̀ gíga. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Òkè-Àrín, ó ní kí n bá òun wá àbúrò òun tó ti lọ sí Amẹ́ríkà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàpèjúwe àpá tó wà níwájú orí àbúrò náà fún mi, ó ní kí n tún un sọ kó lè dá a lójú pé mo gbọ́. Mo tún un sọ. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pín mi fún ilé-ìwé bí ẹní pín ẹran iléyá. Lọ́sẹ̀ yìí, ilé-ìwé tí mò ń lọ wà níbi tí yìnyín ti ń bo ilé mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ àwọn kábọ́ì ni, wọ́n á sì fún mi ní ẹṣin. Télọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà. "Mẹ́ta ló ń du ú," ló máa ń sọ. "Ilé-ìwé mẹ́ta! Ẹ máa wò ó." Ibi tó ti rí mẹ́ta, Ọlọ́run ló mọ̀.

Mi ò ní parọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Ta ni kò ní í dùn mọ́?

Ìyá mi gbọ́ ọ lọ́jà. Ó délé, ó jókòó sórí àpótí, kò tú gèlè.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Màámi, èmi náà ń gbọ́ ọ ni."

"Ẹni tó ń rìnrìn àjò ló ń gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí, Màámi. Wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ó wò mí títí. "Gbogbo Jankara ò lè máa ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà," ló wí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Amẹ́ríkà. Ó kọ́kọ́ ń pòṣé sí wọn. Nígbà tó yá, ó ń ṣe àmín. Ní ọjọ́ kan, mo bá kóòtù dúdú kan lórí ìṣó nínú yàrá wa, ó nípọn, ó gùn dé orúnkún, ó ń rùn káńfọ̀. Ó ti rà á lọ́wọ́ àwọn olókìrìkà tó ń ta aṣọ àlòkù. Mi ò bi í léèrè ohun tó wà fún, òun náà ò sọ. Nínú ooru Èkó yẹn, kóòtù náà dúró sára ògiri bí àlejò tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pè é.

Báńkì kan wà ní Marina tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ti wá bá mi ṣáájú gbogbo ariwo yìí, ó ní bí mo bá ti ṣe ìdánwò tán, kí n wá, iṣẹ́ akọ̀wé wà fún mi; màá máa kọ̀wé láàárọ̀, màá máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án. Iṣẹ́ gidi ni. Nígbà tí ìdánwò parí, mo wọ ẹ̀wù funfun, mo lọ. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ọ̀gá náà fi gbà mí.

"Ọkùnrin wa! O wá dágbére fún wa?"

"Rárá, ọ̀gá. Iṣẹ́ tí ẹ bá mi sọ ni mo bá wá."

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ìwọ tí wọ́n ti bá gé tíkẹ́ẹ̀tì?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ jẹ níbí, kí ẹ tún jẹ lọ́hùn-ún."

"Ọ̀gá, mi ò lọ síbì kankan. Ariwo àdúgbò lásán ni."

"Ariwo tó dé etí mi níbí? Télọ̀ tó ń ránṣọ fún mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ó dìde, ó nawọ́ sí mi. "Mi ò lè fi àga pamọ́ de ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti fi ọmọ mìíràn síbẹ̀. Bó o bá dé ọ̀hún, má gbàgbé wa o."

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo jáde, mo dúró létí ọ̀sà, mo ń wo omi. Láti ibẹ̀ mo lọ bá télọ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó pa ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà tì. Ó gbọ́ mi tán, ó ju orí sẹ́yìn.

"Báńkì? Ìwọ tó máa gboyè yunifásítì, ni wọ́n fẹ́ kó máa ka owó olówó? Ọlọ́run ló kó ẹ yọ! Jẹ́ kí wọ́n fọmọ ẹlòmíràn síbẹ̀."

Ó ra mínírà fún mi. Gbogbo bẹ́ǹṣì bá mi yọ̀ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èyí tó wá burú jù ni pé kóòṣì Amẹ́ríkà dé ní tòótọ́. Ìparí òjò ni. Tíṣà eré ìdárayá láti ilé-ìwé kan ló gbà á lálejò, wọ́n sì kó àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti oríṣiríṣi ilé-ìwé jọ sí Oníkan láti gbá bọ́ọ̀lù fún un wò. Òyìnbó gíga kan, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Mo rò pé ó tán. Mo rò pé irọ́ télọ̀ ti di òótọ́, pé bóyá Ọlọ́run a máa gba ẹnu àwọn aláriwo sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, mi ò gbá a bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún gbá a bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo gbá góòlù kan wọlé, mo gbé ìkejì fún ẹni tó wà láàárín. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló wà lórí àga, wọ́n ń pariwo, "Físà! Físà! Físà!" Ariwo náà ń gbé mi sáré.

Kípà wa lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kì í sọ̀rọ̀, tí bàbá rẹ̀ ń ṣe káfíńtà ní Òkè-Àrín. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ lórúkọ kankan. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n jiyàn lé e lórí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mú pẹ́náritì kan lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un díẹ̀, wọ́n sì padà sórí ariwo tiwọn.

Nígbà tí eré parí, mo fọ ẹsẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, mo dúró sẹ́nu géètì níbi tí òyìnbó ò ti lè ṣàìrí mi. Mo ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, òun àti tíṣà, pẹ̀lú kípà, àwọn èèyàn rọ̀gbà yí wọn ká. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí òyìnbó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó mi orí sí mi, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń wo ẹrù tí olówó mìíràn ti rà, ó sì wọ mọ́tò. Ní ọjọ́ kejì ó fi Èkó sílẹ̀.

Kípà ò sọ fún mi títí wọ́n fi pè é láti wá ṣe ìwé ìrìnnà. Ọjọ́ yẹn ló wá bá mi nílé, a rìn jáde, a jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì.

"Ó béèrè ẹ," ló wí.

"Ta ni?"

"Òyìnbó. Ìwọ ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní ta ni ọmọ apá òsì yẹn, kí sì ni wọ́n ń pè é? Tíṣà ní Físà ni. Òyìnbó ní kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀? Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bíi pé ó ti gba físà ni."

"Tíṣà yẹn ò mọ̀ mí rí."

"Ohun tó gbọ́ ló sọ. Òyìnbó ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ilé-ìwé wo ló mú un? Tíṣà ò mọ̀. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Télọ̀ ti yọ."

"Kí ló ṣe?"

"Ó bọ òyìnbó lọ́wọ́. Ó ní, 'Ọ̀gá, dat wan, tiri sukúù don take am.' Ó na ìka mẹ́ta sí i lójú. Òyìnbó ní ó ṣe, ó fi bírò fa ìlà sínú ìwé rẹ̀, ó wá kọjú sí mi."

Mo bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? O dúró níbẹ̀. O mọ̀ pé irọ́ ni. Kí ló dé tí o ò là á yé e?"

Ó wolẹ̀.

"Àyè kan ṣoṣo ni òyìnbó ní," ló wí.

Mi ò bá a jà. Ohun tó sọ yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ǹṣì méjèèjì ló kún. Télọ̀ ń fi ẹsẹ̀ wa maṣín-ìn, ó rí mi, ojú rẹ̀ là.

"Bọ̀dá, kí lẹ sọ fún òyìnbó ní Oníkan?"

"Àṣé o ti gbọ́?" Ó dá maṣín-ìn dúró. "Ìrànlọ́wọ́ ni mo ṣe fún ẹ."

"Ẹ ní ilé-ìwé mẹ́ta ti mú mi."

"Gbọ́ mi ná. Ọjà tí ẹnikẹ́ni ò ná, ta ló ń yà síbẹ̀? Ìyá ẹ ń tajà, bi í léèrè. Bí oníbàárà bá rí i pé ẹlòmíràn ti di aṣọ mú, ìgbà yẹn gan-an ló máa fi owó lé e. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ìwọ kì í ṣe ọjà ọ̀pọ̀. Mo rò pé ó máa sáré tọ̀ ẹ́ wá ni."

"Kò sáré tọ̀ mí wá, Bọ̀dá. Ó ra ẹlòmíràn."

Mo rí i lójú télọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Bóyá ká ní wọ́n jẹ́ kó rò ó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nǹkan ì bá rí bákan mìíràn láàárín àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó máa ń ṣẹ́jú yẹn kò lè mú un mọ́ra.

"Mo ti sọ fún yín tipẹ́!" ló ké. "Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá tiwọn. Kí ni wọ́n máa fi ẹlẹ́sẹ̀ ṣe? Kípà ni wọ́n máa mú!"

Bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èkejì gbè é. Ọkùnrin kan rín in títí ó fi ṣubú lu ẹnìkejì rẹ̀. Mo wo télọ̀. Ó ti ẹnu pọ̀, ó gbìyànjú, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, òun náà rẹ́rìn-ín.

Mo gbé rédíò rẹ̀ lójú fèrèsé, mo là á mọ́lẹ̀.

Kò lù mí, kò bú mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn ègé rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. "Ó wá burú tó bẹ́ẹ̀?" ló bi mí láti ilẹ̀. Mi ò tún fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Bí mo bá ń lọ bá ìyá mi ní Jankara, mo máa ń gba ẹ̀yìn yí ká.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí kípà lọ, ó wá dágbére fún ìyá mi, nítorí ó ti jẹun nínú ilé wa tó. Ìyá mi ṣàdúrà fún un. Ó wá dìde, ó já kóòtù dúdú yẹn lórí ìṣó, ó ká a mẹ́rin, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi jáde, mo ní, "Màámi, ẹ ò ṣe tà á?"

"Aṣọ òtútù ni," ló wí. "Ẹni tí òtútù máa mú ló ni ín."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde láti ṣàlùwàlá, ojú rẹ̀ ti wú.

Àwọn èèyàn kún bọ́ọ̀sì méjì láti sin kípà dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Télọ̀ ló rán agbádá tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé kípà ni. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa. Nǹkan ń ró lókè, ọmọ kékeré kan tí kò mọ nǹkan kan nawọ́ sókè, ó ké pé, "Físà, mọ́tò ẹ ti dé o!" Ìyá rẹ̀ sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó sàn kó jẹ́ kó pariwo, nítorí gbogbo agbo ilé ló dákẹ́ lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń wò mí.

Mo gbá bọ́ọ̀lù fún kíláàbù kékeré kan ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Orúkọ náà ti dé pápá ṣáájú mi, wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ kan kún un ni: Físà Jíjóná. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n á ní, "Wọ́n ti lé e kúrò ní ẹ́ńbásì!" Bí mo bá ṣubú, wọ́n á ní kí wọ́n wò ó bóyá Amẹ́ríkà ni mo ti balẹ̀. Àwọn tó ń pariwo náà ò mọ̀ mí, wọn ò bá mi jà. Wọ́n sanwó láti wá ṣe fàájì ni. Kí ọdún náà tó parí, mo gbé bàtà bọ́ọ̀lù mi fún ẹni tó bá lè wọ̀ ọ́.

Ọdún yẹn ni ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì kún orí omi Èkó tí wọn ò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìwé tí yóò máa ka àpò ní èbúté Àpápá, ìbátan bàbá mi kan sì mú mi débẹ̀. Lárààárọ̀ mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina láti sọdá. Bí mo bá padà dé nírọ̀lẹ́, eérú sìmẹ́ńtì á ti sọ irun mi di ti arúgbó.

Ọdún mélòó kan ti kọjá nígbà tí ọkùnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó jù mí lọ, Àpápá náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó ń ka ojú ìwé eré ìdárayá, ó ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tún ti mú ọmọ kan.

"Àbúrò, ṣé o gbọ́ ti ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan rí?" ló bi mí. "Ilé-ìwé mẹ́ta ló ń du ú. Mẹ́ta! Wọ́n san owó ọkọ̀ rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú dé òkè, ó sì yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló sọ̀ kalẹ̀ ṣe?"

"Ìyá rẹ̀ ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Obìnrin kan tó ń tajà ní Jankara. Kò fẹ́ kí ọmọ fi òun sílẹ̀, ló bá fi oògùn dì í mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ò ríran rí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́. Wọ́n ní ó ń rìn kiri Èbúté Èrò báyìí, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Àwọn tó jókòó níwájú wa yíjú padà. Ọ̀kan ti gbọ́ ìtàn náà rí, ó ní kì í ṣe ilẹ̀kùn ni kò rí, àtẹ̀gùn ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lé e lórí. Ìyá mi ṣì wà láàyè nígbà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, òun ló bu omi gbígbóná fún mi kó tó gbé igbá rẹ̀ lọ sọ́jà.

"Ṣé ẹ mọ ìyá náà ni?" ni mo bi ọkùnrin náà.

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n." Ó fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ńkọ́, ká ní ìwọ ni? Ṣé ìwọ ì bá sọ̀ kalẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Ọkọ̀ forí kan èbúté, gbogbo èèyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń tì wá. Ó kí mi pé ó dàárọ̀ ọ̀la, mo dá a lóhùn, mo sì gba ibi iṣẹ́ mi lọ.